Wọ́n Ti Sọ Àdúrà Màámi di Ìpolówó Fáànù

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru náà, nítorí mo mọ̀ pé òun ló gba Àrándùn kan báyìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Bàámi, mo kí Ìyá Àgbà ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan o, kódà ibi tí inú ti ń bí mi. Mo mọ̀ yín dáadáa. Ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa bomi tútù sí ọ̀rọ̀ mi kó tó dé etí Màámi.

Màámi, wọ́n á ti sọ fún yín pé mo gbé lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ayé lè kà á. Kì í ṣe àfojúdi. Ohùn yín ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síta fún gbogbo ayé, láì bi yín, láì bi mí. N kò lè wá máa sọ èsì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ní tèmi, ara mi le, a dúpẹ́. Òtútù Kánádà ti dé tìbínú tìbínú. Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, ṣòkòtò méjì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà ni mo ṣì wà, tí mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń fọ balùwẹ̀ fún àwọn èèyàn tí n kì í rí ojú wọn. Ohun tuntun tí ọ̀gá wa gbé dé ni pé tí a bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán, kí a fi káàdì kékeré kan sórí ìrọ̀rí, tó ń bẹ àlejò pé kó fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí fóònù. Ìràwọ̀ yìí, Màámi, ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ àti ọjà láyé ìsinsìnyí. Ẹni tí ọjà bá tẹ́ lọ́rùn á fún un ní márùn-ún, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á fún un ní ẹyọ kan, á sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́, kí ẹni tó fẹ́ rà lẹ́yìn rẹ̀ lè mọ ohun tó ń kó sí. Ìyẹn ò burú. Èmi náà ń fi káàdì náà síbẹ̀ nítorí ọ̀gá ní kí n fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì tẹ̀lé àlejò kankan délé láti lọ dì í lọ́rùn mú.

Ìgbà tí ẹ sọ fún mi pé ooru kì í jẹ́ kí ẹ sùn, pé iná ò sì sí, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá fáànù sólà kiri orí fóònù. Mo bá ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan pàdé níbẹ̀. Gbogbo ìràwọ̀ rẹ̀ ló pé márùn-ún márùn-ún. Àwọn èèyàn ń yìn ín bí ẹni ń yin ọkọ ìyàwó. Mo ní mo ti ríṣẹ́ ṣe lónìí. Mo sanwó, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e dé gáréèjì Òmù-Àrán, ọlọ́kadà tí wọ́n rán sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú yín. Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọlọ́kadà gbé páálí sílẹ̀, ó na fóònù sí yín lẹ́nu, ó ní ọ̀gá òun ní kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ díẹ̀ sí i kí òun tó máa lọ. Ta ni kò mọ̀ pé nílé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú ẹrù lójú ẹni tó gbé e wá? Bàámi á ní ṣé à ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹrù olè ni. Ẹ ó gbà á, ẹ ó dúpẹ́, ẹ ó gbàdúrà, ẹ ó fún un lómi mu, ó di ìgbà tó bá lọ tán kí ẹnikẹ́ni tó wá ọ̀bẹ. Bí ẹ ṣe ṣe é náà nìyẹn. Páálí ṣì wà ní dídì, ẹ ti ki àdúrà mọ́lẹ̀. Ẹ sì mọ àdúrà gbà, Màámi, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fáànù ọ̀hún fẹ́ atẹ́gùn fún ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń rùn bí ike tó ń jóná, ló bá dákẹ́. Mo gbọ́ pé aṣọ ìnura Bàámi ni ẹ ń sá sórí rẹ̀ báyìí.

Mo kọ̀wé sí ọlọ́jà náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kò sí wàhálà, òun á pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo bi í pé kí ló dé tí màá fi yin fáànù tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Ó ní bí àwọn oníbàárà yòókù ṣe ń ṣe nìyẹn. Háà! Ìgbà yẹn ló tó yé mi bí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní ẹyọ kan ṣoṣo, mo sì kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Mo gbé, mo dáràn. Ó ń pè mí láàárọ̀, ó ń pè mí lọ́sàn-án, nígbà tí ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ. Lónìí, á ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Lọ́la, á ní òun á gbé àwòrán mi síta pé oníjìbìtì ni mí. Tó bá tún di ọ̀túnla, á ní òun á dá owó mi padà tí mo bá lè pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Àwa la ra ọjà o! Àwa la sanwó, àwa náà la tún ń sá fún ọlọ́jà. Irú ayé wo rèé?

Nígbà tí kò rí mi mú, ó pè yín, nítorí nọ́ńbà yín wà lára páálí. Ẹ sọ fún mi pé ọmọ dáadáa ni, pé ó dọ̀bálẹ̀ kí yín lórí fóònù. Màámi, ojú wo lẹ fi rí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn? Ẹ ní kí n jọ̀ọ́, kí n pa á rẹ́, pé ọmọ ẹlòmíràn ni, kí n má ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí yín.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ tún sọ fún mi pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún Ìyá Bísí, ọ̀rẹ́ yín ará Rore, tó fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín láì yà, tí kò sì jókòó tì yín mọ́ nínú ìpàdé. Màámi, mo ti mọ ohun tó fà á. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọlọ́jà náà ti fi ohùn yín sábẹ́ àwòrán fáànù, ó ń gbé e kiri orí fóònù gbogbo èèyàn. Ohùn yín ló ń jáde ketekete níbẹ̀, tí ẹ ń sọ pé Ọlọ́run á gbé e ga, pé ẹni tó rántí yín nínú ooru kò ní di ẹni ìgbàgbé. Ìyá Bísí gbọ́ ọ lórí fóònù ọmọ wọn. Wọn ò wo ìràwọ̀ kankan, ohùn yín ti tó wọn. Wọ́n ra ọ̀kan fún ọkọ wọn tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Tiwọn ò tilẹ̀ yí rárá. Wọ́n wá gbà pé ṣe ni ẹ gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà láti tan àwọn jẹ. Bísí ló sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, àwọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa gbé e kalẹ̀ níwájú yín. Èmi ti gbé e kalẹ̀ báyìí.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ forí jì mí, Màámi, n kò ní ṣe é. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka lẹ́tà yìí, tó sì ti gbọ́ ohùn ìyá kan tó ń gbàdúrà lábẹ́ àwòrán fáànù sólà, kó mọ̀ pé ìyá mi ni, wọn kò sì tíì tú páálí nígbà tí wọ́n ń gba àdúrà náà. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ fi ọ̀kadà gbé yín lọ sí Rore. Ẹ gbé fáànù yín dání. Ẹ gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, kí Ìyá Bísí fi ojú ara wọn rí i pé ohun kan náà ló ṣe ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ ò ní pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Èmi náà máa ń gbọ́ ìpolówó ọ̀hún. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, màá tẹ̀ ẹ́, tó bá parí, màá tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn ilé ni, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn níbí. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo ní àbí Màámi gbàgbé ẹni tó ra fáànù ni? Mo bá bi Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀. Wọ́n ní rárá o, orúkọ mi ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pé gbogbo àdúrà yẹn látòkèdélẹ̀, èmi ni ẹ ń gbà á fún. Ọlọ́jà ló gé orúkọ mi kúrò. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì, Màámi, lójú gbogbo òyìnbó.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Bàámi sí fún wa. Ara yín á le, ẹ ò ní fi ẹkún ṣọ̀nà mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ sì bá mi kí Ìyá Bísí àti ọkọ wọn. Tí ẹ bá ti Rore dé, ẹ pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àdúrà náà gbà fún mi, láti ibi tí orúkọ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́láńlé.