Àwòrán Mi Tí Kò Dá Ìyá Mi Lóhùn

Òṣogbo, Sátidé, oṣù Kọkànlá, 1977

Orí mi wú lónìí! Wọ́n fi sinimá tí ẹgbẹ́ òṣèré wa ṣe hàn nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án, ojú mi sì tóbi lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri ju ilẹ̀kùn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ.

Ibi tí mo ti gbé ife májèlé nínú sinimá náà ni ìyá mi ti fò dìde láàárín òǹwòran. "Jímọ̀, má mu ún o! Májèlé ni!"

Lórí ìtàgé, bí òǹwòran bá kígbe báyìí, màá dúró dá a lóhùn, gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ara aṣọ kò tilẹ̀ wojú wọn. Ó gbé e mu. Inú bí ìyá mi.

Mo sọ fún ọ̀gá wa pé bó pẹ́ bó yá, àwòrán á máa gbọ́ ohun tí òǹwòran bá wí, á sì máa ṣe é. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Kó máa rín in lọ.

Nígbà tí a délé, mo dọ̀bálẹ̀ bẹ ìyá mi.

Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ kọ́. Ti ara aṣọ yẹn ni kó wá dọ̀bálẹ̀."