Ibi Mẹ́ta Lára Ògiri Pálọ̀

Bàbá Àràmídé,

Jùbrílù tó ń kunlé ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ibi tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń mu ọ̀dà ju ògiri àtijọ́ lọ. Mi ò gbà á gbọ́. Ibi mẹ́ta tí a tún ṣe nìkan ni mo kùn láàárọ̀ yìí, wọ́n sì hàn ketekete. Ẹ má bínú.

Ìyá onílé wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bí mo bá ṣì ń rí àmì yìí, ẹrù yín kankan ò ní kọjá géètì mi."

Mo ní ọkọ̀ tó máa kó wa lọ sí Ọ̀dẹ̀dá ń bọ̀ lọ́la.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kó wá kó afẹ́fẹ́."

Mo ti fi sáńpépà ha ibẹ̀, mo sì ti fi ọ̀dà tí mo bu omi là kùn ún lẹ́ẹ̀kan. Yóò ti gbẹ kí ẹ tó ti Èkó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kun gbogbo ògiri náà láti igun dé igun, ẹ má dúró láàárín. Ibi tó bá ti ń gbẹ, ẹ má padà sí i. Mo lọ wá ọ̀dà kún un ní Aké.

Àràmídé ti gbé báàgì tirẹ̀. Mo ní kó dúró tì wá. Ó ní, "Màámi, èmi kì í ṣe ògiri." Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá onílé kọjá ní géètì, kò bojú wẹ̀yìn.