Géèmù Tí Mo Kó Fún Oníkóńdẹ́mù

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń dìde fún nínú ọkàn mi,

Orí àga ni mo ti ń kí yín, nítorí orúnkún mi kò gbà kí n dọ̀bálẹ̀ mọ́. Mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹni àádọ́rin ọdún lẹ jẹ́ nígbà tí ẹ papòdà, nítorí náà mo ti fi ọdún kan dàgbà jù yín lọ, bí ẹni pé mo wá di ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ forí jì mí.

Ẹ̀gbẹ́dá ti kún ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ìjọ kan ló wà ní ibi tí ṣọ́ọ̀bù rédíò yín wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì ń han etí. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo máa ń rò ó pé ká ní ẹ wà láyé, ẹ ì bá ti wọlé lọ bá wọn tún un ṣe lófẹ̀ẹ́, kí ẹ tó padà sílé wá kírun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ẹ̀rọ géèmù kiri Àlímọ̀ṣọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Irú èyí tí ẹ rà ní Ìkọ̀tún nígbà náà lọ́hùn-ún ni, aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí. Àjọkẹ́, àkọ́bí mi tí ẹ̀yin fúnra yín sọ lórúkọ, ló pè láti Ìlọrin pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, òun yóò sì sun ọjọ́ méjì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tó ti sùn sílé mi gbẹ̀yìn. Ọmọ náà kò rí mi fín o. Ó ń pè mí, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ó ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kí ọ̀gá ilé ìwé ló ṣe ń kí mi. Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kó dé bá ẹ̀rọ náà lórí tábìlì, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán láàrin wa kí èmi náà tó wá bá yín.

Nígbà yẹn, ta ló ń wá géèmù? Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń kọ ọ́. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń da ẹrù tòkunbọ̀ sórí àpò nílẹ̀ ní Ìkọ̀tún, áyọ́ọ̀nù, fáànù, okùn iná, kí kásẹ́ẹ̀tì géèmù sì fọ́n ká sáàrin wọn bí ẹ̀pà inú gàrí. Owó búrẹ́dì kan, ẹ ó fi ra méjì. Èyí tí kò ṣiṣẹ́, wọn á fi ṣe ènì fún yín, èyí tí kò ṣiṣẹ́ yẹn gan-an lẹ sì máa ń fẹ́. Ẹ ó gbé e délé, ẹ ó tú u, ẹ ó wá mú rọ́bà tí ọmọ ilé ìwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́, ẹ ó máa fi ra irin wẹ́wẹ́ ẹnu rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń nu eyín ìkókó. Gbogbo àdúgbò ló ń fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin kì í gbà. Ẹ ní itọ́ máa ń mú irin dípẹtà. Ìwé mẹ́fà péré lẹ kà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì kò ronú kàn án rí.

Mo tún ń rí yín lórí àpótí kékeré yẹn, ẹ̀yin àti Àjọkẹ́, fìlà yín lórí irin ẹ̀ríà tó ń gba àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n. Géèmù ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń gba àárín àpáta lẹ fẹ́ràn jù. Bí ọkọ̀ náà bá yà sósì, gbogbo ara yín á yà sósì, ahọ́n á yọ síta. Bí ó bá forí sọ àpáta, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, “Ikú yìí ò dùn mí, ẹ̀mí méjì ṣì kù fún mi.” Èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, màá fajú ro. Mo rò pé àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé ń bu ara rẹ̀ kù ni. N kò mọ̀ pé ìlara ni mò ń ṣe. Ọmọ mi kò fi irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí n kò sọ ọ́ fún yín fún odidi ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ tún lò láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún Iléyá tí ẹ lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. A pa àgbò níhìn-ín, ẹran kún fíríìjì tuntun wa, iná sì ń ṣe ségesège. Mo yọ sitebiláísà tí ẹ fi sára tẹlifíṣọ̀n kí iná tó bá pọ̀ jù má bàa bà á jẹ́, mo gbé e sára fíríìjì kí ẹran má bàa bàjẹ́. Mo wá ki okùn tẹlifíṣọ̀n bọ iná ara ògiri lásán. Nígbà tí iná padà dé, agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Àjọkẹ́ ló jókòó síwájú rẹ̀ tó ń ta géèmù. Tẹlifíṣọ̀n dún pàù, èéfín sọ. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé, àwọn àlejò ọdún sáré wọlé, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Ẹ mọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ nígbà náà, pé géèmù a máa ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Èmi náà sì sọ ọ́. Mo sọ ọ́, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo na ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ẹgba mẹ́fà lójú àlejò. Lọ́jọ́ kejì, mo kó ẹ̀rọ náà àti gbogbo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún oníkóńdẹ́mù tó ń ra ohun tó bàjẹ́, tó ń ti ọmọlańke kọjá. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo tún dúró níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, mo kìlọ̀ fún wọn nípa géèmù.

Ẹ dé lọ́jọ́ kẹta. Ẹ tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ wò ó pẹ́. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí sitebiláísà wà. Ẹ wá ní kí wọ́n bu omi tútù fún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi tún un ṣe, ẹ kò sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló dé tí ẹ kò bi mí, Bàbá? Ká ní ẹ bú mi ni, bóyá ì bá yá mi lára láti jẹ́wọ́.

Ohun tí mo fi ṣọ̀fẹ́ fún oníkóńdẹ́mù ni mo wá ń wá kiri báyìí. Ní Ìkọ̀tún, bàbá kan tó ń ta tòkunbọ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. “Alàgbà, ẹ ti pẹ́ jù! Ẹrù yẹn kì í balẹ̀ mọ́. Inú kọ̀ǹténà ni wọ́n ti ń ya fọ́tò rẹ̀, kó tó dọ́dọ̀ wa, ẹni tó wà lókè òkun ti sanwó.” Ó ní àwọn olówó ń fi í sínú gíláàsì bí wúrà. Iye tó pè fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo ju owó ìfẹ̀yìntì mi oṣù méjì lọ, kò sì dá mi lójú pé yóò ṣiṣẹ́.

Mo dé Ìpájà. Ìyá kan mú nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde. “Bàbá, ẹgbẹ̀rún géèmù ló wà nínú eléyìí. Ẹgbẹ̀rún!”

Mo ní ẹyọ kan ni mò ń wá.

“Ẹyọ kan ti wọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ láyé ìsìnyí jàre. Ẹ gba ẹgbẹ̀rún, ẹ máa lọ sílé lọ sinmi.”

Ìgàndò ni mo ti rí i níkẹyìn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ awò ojú nípọn ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹ̀rọ, ó ní kásẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú yẹn gan-an, àwòrán ara rẹ̀ ti ṣí. Ó gbé e sára tẹlifíṣọ̀n, kò ṣiṣẹ́. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sẹ́nu. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo, “Má fẹnu fẹ́ ẹ!” Bàbá, ohùn yín ló jáde lẹ́nu mi. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Mo ní kó wá rọ́bà ìpawérẹ́, mo sì fi ra á bí ẹ ṣe máa ń ra á. Ó ṣiṣẹ́.

“Ta ló kọ́ yín?” ló ń bi mí.

“Bàbá mi ni. Oníṣẹ́ rédíò ni wọ́n.”

“Ṣé wọ́n ṣì wà? Ẹ mú mi lọ bá wọn, ẹ jọ̀ọ́! Mo ti fi itọ́ ba ogún kásẹ́ẹ̀tì jẹ́.”

Orí mi wú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti sanwó ẹ̀rọ náà láti Lẹ́kì, ọkùnrin náà kò sì fẹ́ da àdéhùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà kò ní dà á. Mo dúpẹ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nínú kẹ̀kẹ́ yẹn ni òótọ́ ti yé mi. Ẹ̀bùn ni mo fẹ́ fi bo ẹnu mi. Ká ní mo rí i rà ni, màá gbé e ka iwájú ọmọ náà, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, n kò sì ní sọ nǹkan kan.

Àjọkẹ́ dé ní Sátidé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Mo kàn sọ pé, “Àjọkẹ́, géèmù kọ́ ló ba tẹlifíṣọ̀n yẹn jẹ́. Ìwọ náà kọ́. Èmi ni. Mo yọ sitebiláísà kúrò nítorí ẹran Iléyá, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń nà ọ́.”

Ó wá ní, “Dádì, mo mọ̀.”

“O mọ̀ báwo?”

“Bàbá àgbà ló sọ fún mi, lọ́jọ́ tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Wọ́n pè mí sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní àwọn ti wo inú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ mi mọ́. Wọ́n ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn mọ ọmọ tí àwọn bí, ẹ ò ní gbé e kú.”

Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e lé orúnkún.

“Mo ti ń dúró, Dádì. Nígbà mìíràn, Bàbá àgbà gan-an ni inú máa ń bí mi sí. Màá ní wọ́n tàn mí jẹ ni.”

Bàbá, lọ́jọ́ tí mo hùwà tó burú jù láyé mi lẹ dúró ṣe onídùúró mi lọ́dọ̀ ọmọ mi. Kí lẹ rí lára mi? Èmi tí mo kàwé kò rí i. Ẹ fara da ìdákẹ́jẹ́ mi fún ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé mi, ẹ jẹ oúnjẹ mi, ẹ súre fún mi ní àràárọ̀, ẹ kò sì fi ojú mìíràn wò mí rí. Irú èèyàn wo lẹ jẹ́?

Nígbà tí mo sọ ìrìn mi fún Àjọkẹ́, ó dìde lórí àga, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. “Orúnkún yìí náà lẹ gbé gun kẹ̀kẹ́ dé Ìgàndò? Nítorí géèmù! Dádì, ẹ ò kúkú bẹ̀rù Ọlọ́run.” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ sì yọjú láti ilé ìdáná wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ọjọ́ méjì ló ní òun máa sùn. Òní ló pé ọjọ́ márùn-ún, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ kò tan ọmọ náà jẹ, Bàbá. Èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́.

Kí Aláàánú tẹ́ ilẹ̀ rere fún yín. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ létí yín rí lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ẹ ti fọkàn tán kó tó ṣeé fọkàn tán.