Màámi, Mò Ń Jowú Àṣàbí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá wa àti Ìyá Àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ara le? Òjò ò jẹ́ ká sinmi níbí. Ní Computer Village tí mo ti ń tún fóònù ṣe, inú omi la ti ń dá oníbàárà lóhùn. Mo mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ni yóò ka lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn. Kí wọ́n kà á.

Àbúrò mi ni mò ń jowú.

Yàrá kan náà lèmi àti Àṣàbí ń gbé ní Agége, kíláàsì kan náà la sì wà ní yunifásítì, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdánwò àṣewọlé gbé mi ṣubú kí Àṣàbí fi lé mi bá. Mò ń kàwé jù ú lọ, ẹ bi í. Síbẹ̀ òun ló ń gba máàkì. Lọ́jọ́ tí a ka iṣẹ́ wa síwájú kíláàsì, olùkọ́ ní pàǹtírí ni tèmi, pàǹtírí ni tirẹ̀. Àṣàbí dúpẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ibi tó bàjẹ́ han òun. Èmi fìbínú jáde, n kò padà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá tún un ṣe, bí mo bá sì tún kùnà, wọn á ní kí n máa lọ sílé.

Àṣàbí ní ká jọ kàwé. Mo parọ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Ta ló fẹ́ kí àbúrò máa kọ́ òun?

Màámi, orí rẹ̀ ò pé ju tèmi lọ. Ó kàn mọ bí a ṣe ń gbé ìbínú mì ni, ó sì gbà pé òun lè ṣe é. Àná ni mo rí ibi tó ti rí i. Ó ń wé ìborí níwájú dígí, ó ń ki ara rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń kì í láràárọ̀ ká tó lọ síléèwé. Ó ní bí òun bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, èébú olùkọ́ kì í wọ òun lára mọ́.

Nígbà tó jáde, èmi náà dúró síwájú dígí. Mo ní, Àdùkẹ́. N kò mọ èyí tó kàn. Ìdí kànga ni mo máa ń wà nígbà tí ẹ bá ń kì í, tí mò ń pọn omi tí yóò fi wẹ̀.

Ó dùn mí, Màámi, kò tíì tán nínú mi.

Ẹ gba fóònù Bàbá, ẹ ki èmi náà, kí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n oríkì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti Àṣàbí kún un.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ kọ́kọ́ bí,
Àdùkẹ́