Òdòdó Ẹlẹ́gùn-ún Ilé Àǹtí Sìdí

Màámi mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Accra níbí, mo kí Bàámi, mo sì kí Ìyá Àgbà. Ọyẹ́ ti dé síbí. Ètè mi ti là, eruku sì ń bà lé gbogbo nǹkan. Ara mi le, ọkàn mi nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn òdòdó tí mo wá kọ́ yìí ń yé mi, àbí kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní ó ń yé mi. Màámi, kò dá mi lójú nígbà yẹn. Nínú kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti dáhùn ìbéèrè kí n tó mọ ohun tí olùkọ́ ń béèrè. Mo máa ń rò pé wọ́n ṣèèṣì gbà mí wọlé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí síta gbangba. Bí òbí mìíràn tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ bá kà á, á mọ bí ó ṣe máa ń rí fún wa.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Àǹtí Sìdí, àbúrò yín, ni mò ń gbé ní Sabon Zongo. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún kan wà tó gun ògiri àgbàlá wọn, bugẹnfílíà ni a ń pè é nílé ìwé. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló gbìn ín. Àǹtí ní nígbà ayé rẹ̀, lásìkò ọyẹ́ báyìí, ògiri náà á di pupa fòò, àwọn tó ń kọjá á sì dúró wò ó. Láti ìgbà tó ti kú, ewé lásán ló ń yọ.

Bàbá Alhaji, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó jẹ́ olórí ilé, wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní igi tí kò so, tí kò tanná, tó tún ń fi ẹ̀gún fa aṣọ èèyàn ya, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Wọ́n fẹ́ gé e kí ààwẹ̀ Ràmàdáànì tó wọlé, kí wọ́n gbé pólítáǹkì omi síbẹ̀. Àǹtí kò jiyàn. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní ṣebí òdòdó ni mo wá kọ́, kí n gba àwọn.

Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ́kọ́ rò pé kòkòrò ló ń dà á láàmú, nítorí mo rí àwọn kan tó funfun bí òwú lábẹ́ ewé, tí èèrà ń tọ̀ lẹ́yìn. Mo po ọṣẹ dúdú mọ́ omi, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní alata samina torí pé àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alata, ló gbé e wá. Mo pò ó ki jù, mo sì wọ́n ọn lọ́sàn-án gangan, ni ewé bá jó. Bàbá Alhaji rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ọmọ yunifásítì ti ń wẹ igi, ó ku kó fi kànrìnkàn ha á lẹ́yìn. Mo fomi la ọṣẹ náà, mo ń fi àkísà nu abẹ́ ewé láràárọ̀, kòkòrò sì lọ. Síbẹ̀, òdòdó kò yọ.

Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mò ń kàwé. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé bí ìdí irú igi yìí bá ń tutù ní gbogbo ìgbà, ewé ni yóò máa yọ. Àfi kí òùngbẹ díẹ̀ gbẹ ẹ́ kó tó tanná. Mo gbójú sókè. Bàbá Alhaji jókòó lórí àpótí wọn, bútà lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe àlùwàlá, omi ẹsẹ̀ wọn sì ń ṣàn lọ sí ìdí igi náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ìrun.

Mo sáré bá Àǹtí. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Wọ́n ní ọkọ àwọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àlùwàlá níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni Bàbá Alhaji gbé àpótí lọ síbẹ̀, wọ́n ní omi tí àwọn bá fún ohun tí àbúrò àwọn gbìn, láádá rẹ̀ á máa bá a ní sàréè.

Màámi, báwo ni ọmọ àná ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé omi àánú wọn ni kò jẹ́ kí igi tanná? Àǹtí ní àwọn ò lè bá mi sọ ọ́, ìyàwó ilé kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ. Nígbà tó yá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá lẹ́yìn ìrun àsárì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fò lọ. Mo kàn ní igi ọsàn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé, olóògbé kan náà ló gbìn ín, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ṣé wọn ò lè máa ṣe àlùwàlá sí ìdí tirẹ̀?

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n bi mí pé ṣé omi àwọn ló ń ṣe òdòdó yẹn ni. Mo ní bóyá ni. Wọ́n ní kí n má fi bóyá dá àwọn lóhùn, àbí ilé ìwé bóyá ni mò ń lọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, omi yín ni. Wọ́n gbé àpótí, wọ́n gbé bútà, wọ́n lọ sí ìdí ọsàn.

Ni ewé òdòdó náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ó ń já bọ́. Àǹtí ń gbá a láràárọ̀ láìwò mí lójú. Mi ò lè fara dà á mọ́, mo pọn omi sínú garawa. Bàbá Alhaji rí mi, wọ́n ní ṣé bóyá ti tún dé ni. Mo da omi náà sí ìdí ọsàn.

Ààwẹ̀ ti sún mọ́lé. Wọ́n ti gbé pólítáǹkì wá, ó dúró sáàárín àgbàlá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Láàárọ̀ àná ni mo gbọ́ tí Àǹtí pè mí. Orí ẹ̀ka tó ga jù ti pọ́n. Kò pọ̀, kò ju ohun tí èèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò lọ, ṣùgbọ́n òdòdó ni. Àǹtí fi etí ìborùn bo ẹnu. Bàbá Alhaji jáde, wọ́n wò ó, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbúrò àwọn ṣe rí, kì í gba oore àpọ̀jù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí wọ́n gbé pólítáǹkì sí ògiri kejì. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní ayekoo, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣiṣẹ́ níbí.

Nítorí náà, Màámi, ẹ má tíì máa retí mi. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ náà ló ń yé mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ fojú ara yín rí ògiri yìí nígbà tó bá pọ́n tán. Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí gbogbo ará ilé. Àǹtí ní kí n kí yín. Bàbá Alhaji náà kí yín láti ìdí ọsàn.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráfíà