Mo Sọ fún Màmá Afọ́jú Pé A Ti Dórí Òkè

Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ ni mo pa, irọ́ náà ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀, ẹnu mi sì mú ju abẹ́rẹ́ orí àtẹ mi lọ. Kò sóhun tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín... àfi èyí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agbowó ló ní kí àwọn tó bá fínnúfíndọ̀ wá gun òkè kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Àwọn èèyàn yóò dáwó nítorí wa, wọn yóò sì fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tí awọ funfun ti bo ojú wọn. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ríran fa afọ́jú kan lọ́wọ́. Èmi tí mi ò gùn ju àtẹ̀gùn ilé alájà lọ, mo yọjú nítorí wọ́n ní ìrẹsì ń bẹ. Màmá Ẹ́sítà ni wọ́n fún mi, àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Dókítà ti ní ojú wọn ṣeé là, wọ́n tilẹ̀ ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn.

Mo rò pé èmi ni màá fà wọ́n, àṣé àwọn ni yóò fà mí! Wọ́n ń tẹ òkúta bí ewúrẹ́, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. "Ìyá Bọ́tìnnì, ṣé o ò tíì kú ṣá?" Báyìí ni wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a dé àpáta pẹrẹsẹ kan ní àárín méjì, àwọn tó kù ti lọ, orúnkún mi kọ̀. Màmá bi mí bóyá a ti dé. Mo wo òkè tó kù, ó dúró gangan bí ìyá ọkọ tó ń bínú... mo ní a ti dé, orí òkè pátápátá nìyí.

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀, omijé bọ́. Ṣé ìgbà yẹn ni ǹ bá wá sọ òótọ́? Ibẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ wa tó dórí òkè gangan ti bú sórin. Màmá gbójú sókè, wọ́n ní ta ló ń kọrin lókè wa, nígbà tí kò sóhun tó kù lókè mọ́ bí kò ṣe ọ̀run? Ẹnu mi yìí ló ní, bóyá àwọn áńgẹ́lì ni. Mo sì ń gbé ẹ̀rín mì! Kí àwọn tó kù tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti mú Màmá dé ìdí bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a dúró sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá jẹ́rìí pé áńgẹ́lì kọrin lé àwọn lórí. Àwọn tó kọ orin náà gan-an ń ké halelúyà, wọn ò mọ̀ pé àwọn ni áńgẹ́lì. Wòlíì ìjọ wa pè mí síwájú, ṣé èmi náà gbọ́? Mo ní mo gbọ́. Ṣé mi ò gbọ́ orin ni?

Àfi bí Màmá ṣe ní àwọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. Wọ́n ní ẹni tí Ọlọ́run rán áńgẹ́lì sí, ṣé ó tún máa gbé ojú sílẹ̀ fún ọ̀bẹ? Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road wá bá mi nídìí àtẹ, ó ń sunkún. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Mà, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu." Mo lọ láti jẹ́wọ́. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi, wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn ẹ̀rù òkùnkùn ò ba àwọn mọ́. Èmi tí mo lè bú ọlọ́pàá... mo kí wọn pé ẹ kú ìsinmi, mo padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ọjọ́ dókítà pé. Tí mo bá jẹ́wọ́, mo ti sọ Màmá di ẹni ẹ̀sín lójú ìjọ, ta ni yóò sì tún ra òwú lọ́wọ́ mi? Tí mi ò bá jẹ́wọ́, wọ́n á wà nínú òkùnkùn títí wọn ó fi kú nítorí orúnkún mi. Ọkàn mi tilẹ̀ ń sọ pé kí n ní mo lálàá, pé áńgẹ́lì ní kí wọ́n lọ ṣe ojú. Ṣé kí n fi irọ́ kejì tún ti àkọ́kọ́ ṣe? Tí ojú bá wá là tán, tí wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wo ibi tí a dúró sí ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bú mi bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn kíá. Kí ni kí n sọ fún Màmá?