Ẹ̀wà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọbìnrin mi yìí. Ìyá Kékeré ni mo ń wí — ojú ìyá mi ló gbé wáyé, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó ń ṣe ẹ̀kọ́ nípa bí ewéko àti ẹranko ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dèrébà, ti fi ìwé sílẹ̀, ó ń wa mọ́tò. Òun nìkan ló kù tó ń kàwé.

Ó wá lánàá, ó gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì fún iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ yàn fún un. Ọ̀kan lójú fèrèsé, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. "Bàámi, ẹ ṣáà máa bá mi bomi rin wọ́n, kí ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó padà sí iléèwé láìfọwọ́ kan oúnjẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Àwọn méjèèjì ti yọrí. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo lọ̀ látàárọ̀ nílé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ọ̀rọ̀ dé! Ti inú òkùnkùn ló ga jù. Ṣùgbọ́n ó funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn — ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ewé bíńtín. Mo pe ìyá wọn kó wá wò ó. Ó ní, "Gíga lásán, kò sẹ́ran lára. Àbí ìdílé yín ló ti wá?"

Ọjọ́bọ̀, 13

Ó ti ń tẹ̀. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tì í lẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo pe Ìyá Kékeré. Ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó ní òun kì í kúrò ní yàrá mọ́, òun fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, ìwé lòun ń kà. Mo bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" "Màá jẹun, Bàámi." Màá jẹun, màá jẹun — orin rẹ̀ nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀wà ti wólẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀, orí rẹ̀ kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ gbà wọlé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé e síta sínú oòrùn. Ọwọ́ mi ò tó ọmọ. Ó tó ẹ̀wà.

Ìyá wọn rí mi. "Wọ́n ní kí ẹ bomi rin ín, ẹ sọ ara yín di bàbá ẹ̀wà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ó ti tutù yọ̀yọ̀! Ewé rẹ̀ ti fẹ̀. Inú mi dùn — ó ti pẹ́ tó ti dùn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kékeré pè nírọ̀lẹ́, ó bi mí bí àwọ̀ ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣe rí. Mo fi ayọ̀ sọ fún un pé ó ti dúdú bí ewé ẹ̀fọ́. Ó ní, "Bàámi, ṣé ẹ gbé e jáde ni?"

Ó ní funfun yẹn gan-an lòun fẹ́ fi han olùkọ́. Pé nínú òkùnkùn, gbogbo oúnjẹ inú kóró ni ẹ̀wà á ná sórí gíga, kó lè tètè débi ìmọ́lẹ̀. Bí oúnjẹ bá tán kó tó débẹ̀, ó parí nìyẹn. Pé ọjọ́ Ẹtì lòun gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀. Mo ní kó má bínú. Ó ti pa fóònù.

Ọjọ́rú, 19

Kò gbé ìpè mi. Ìyá wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo da gbogbo ìwọ̀n kọ sórí bébà, n ò fi nǹkan kan pamọ́. Níbi ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kọ ọ́ pé: Mo gbé e síta. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo kó agolo méjèèjì sínú páálí. Dèrébà á gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ó ní, "Bàámi, èèyàn ni mò ń gbé, n ò gbé ẹ̀wà rí." Àmọ́ ìjókòó iwájú ló gbé páálí sí. Ó ní òun ò ní gba èrò síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Dèrébà ti dé. Ó ní ọ̀sán gangan lòun débẹ̀, yàrá àbúrò òun ṣú bí alẹ́. Òun jókòó tì í títí tó fi jẹun. Ìyá Kékeré ka bébà mi. Nígbà tó dé "àánú rẹ̀ ṣe mí," ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún. Ó bọ́jú, ó gbé páálí rù, ó bọ́ sínú oòrùn, ó gba ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ lọ. Bóyá olùkọ́ gbà á, Dèrébà ò mọ̀. Èrò ń dúró dè é.

Mo ti kọ̀wé sí i lórí fóònù. Ohun tí mo kọ rèé: Ìyá Kékeré, wọ́n gbà á o, wọn ò gbà á o, ilé wà. Fa kọ́tìnnì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jọ̀ọ́, fèsì. Má jẹ́ kó pẹ́.